Ìròyìn tí Mo Gbé Yí Ọgbà Ẹranko Àbíjàn Ká

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń dá mi dúró lọ́nà: "Rédíò, Àbíjàn ti rí? Ṣé lóòótọ́ ni igbó wà láàárín ìgboro wọn? Ṣé o fojú rí erin?" Mo rí erin. Mo wọ igbó. Mo jẹ oúnjẹ wọn, mo sì tún bù sí i. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, irọ́ tí mo pa lọ́hùn-ún ti tó mi: kò sí ọ̀kan tí mo fi ọkàn balẹ̀ wò nínú gbogbo rẹ̀. Ikú ìyá mi wà lábẹ́ ahọ́n mi ní gbogbo ìgbà náà, wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́.

Òwúrọ̀ Sátidé ni Màmá kú. Wọ́n ti kírun àsùbáà tán, wọ́n bú mi pé omi tí mo gbé fún wọn tútù jù, wọ́n ní kí n lọ gbé e kaná. Kí n tó gbé e dé, wọ́n ti lọ. Inná lilláhi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀sìn wa, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni Ráfátù ẹ̀gbọ́n mi, tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Àbíjàn. Àwa méjèèjì péré ni ọmọ tó kù fún Màmá.

Ẹ rántí bó ṣe rí nígbà tí bàbá wa kú. Ẹnì kan tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ pe Àǹtí Ráfátù lórí fóònù, nínú ọjà, lójú oòrùn, ó ní, "Bàbá yín mà ti kú o!" Àǹtí mi ṣubú lulẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí. Apá wọn ṣẹ́. Títí di òní, apá yẹn kì í lè gbé gèlè dé orí dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wọ̀ wọ́n lára. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn ti lọ sílé ọkọ, wọ́n ń dá gbé ni.

"A kì í ti orí fóònù túfọ̀ fún ọmọ ẹni," ni Bàbá Ládàní, àbúrò Màmá, wí lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú. "Sàlámátù, ìwọ ló máa lọ mú un wá, kó lè bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. O ò sì gbọdọ̀ sọ fún un títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wọ ẹnu ọ̀nà ilé yìí, níbi tí ènìyàn á ti wà tó máa dì í mú."

"Èmi kẹ̀, Bàbá? Ẹ̀yin náà mọ̀ mí!"

Gbogbo ọjà Odò-Orí ní Ìwó níbí, níbi tí mo ti ń ta aṣọ, ló mọ̀ pé ẹnu mi kò ní ilẹ̀kùn. Tí ewúrẹ́ bá bímọ lẹ́yìnkùlé wa, àwọn ará ìlú Ilé-Ogbó á ti gbọ́ kí ọmọ náà tó dìde dúró. Wọn ò kàn déédéé máa pè mí ní Rédíò. Ṣùgbọ́n Bàbá Ládàní ní kò sí ẹlòmíì tí Ráfátù máa tẹ̀lé. Wọ́n kọ́ mi ní irọ́ tí mo máa pa: pé ẹbí fẹ́ ṣèpàdé lórí ilé bàbá wa ní Sátidé tó ń bọ̀, pé kò ṣeé ṣe láìsí àkọ́bí. Sátidé yẹn gan-an ni ọjọ́ kẹjọ.

Ẹ mọ̀ pé irú ni Màmá ń ṣe. Kò sí ẹni tó ń ti ilé wa lọ sí Àbíjàn tí wọn kì í di irú fún. Àtẹ irú tí wọ́n sá gbẹ̀yìn ṣì wà lẹ́yìnkùlé, kò sí ẹni tó ní ọkàn láti fọwọ́ kàn án. Mo ra irú lọ́jà, mo fi gèlè Màmá dì í bí wọ́n ṣe máa ń dì í.

Ohun kan tún wà. Ní Àlàmísì, ọjọ́ méjì ṣáájú ikú wọn, Màmá ti rán mi níṣẹ́ sí Àǹtí Ráfátù. Ẹ mọ ẹnu Màmá. Iṣẹ́ náà korò bí ewúro. Mo ní mi ò ní gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ọmọ òrukàn lọ́wọ́ láéláé. Mo bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kù, mo sì kọrí sọ́nà.

Omi mímu, ìbéèrè kan

Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta la là kọjá ká tó dé ìkẹrin. Ohun tí mo rántí jù ni obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó jókòó tì mí, tó ní kí ni mò ń lọ ṣe ní Àbíjàn. Mo ti la ẹnu. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀. Mo yára ki búrẹ́dì bọ ẹnu. Odindi búrẹ́dì kan ni mo jẹ láti bọ́dà kejì dé ìkẹta, obìnrin náà sì rò pé ebi ló ń pa mí, ó tún fún mi ní tirẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ni mo dé. Ìlú ńlá ni, afárá lórí omi, ilé gíga bíi pé wọ́n fẹ́ já ojú ọ̀run, gbogbo ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ èyí tí ń jẹ́ bísímílà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo rí Àǹtí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fi apá kan tó dára gbé mi dìde, wọ́n ń sunkún ayọ̀. "Sàlá! Sàlá mi! O ti tóbi tó báyìí?" Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èmi náà bú sẹ́kún, mo sì yára sọ pé ayọ̀ ni.

Wọ́n fi mí jókòó, wọ́n bu omi tútù fún mi. Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń gbé, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ tí gbogbo ilé ń pè ní Tàtí, wọlé wá jókòó, ó kó ọwọ́ lé itan. Mo mu omi tán. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ń wò mí. Àǹtí mi wá tún jókòó dáadáa, wọ́n ní, "Ó yá. Ìròyìn ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ o, àṣà wọn níbẹ̀ nìyẹn. Àlejò kì í dé kó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kiri. Wọ́n á fún un lómi, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá bi í ní ìròyìn, òun náà á sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ohun tó gbé e wá, bó ṣe fi ilé sílẹ̀, ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó kú. Àṣà tó dára ni, bí kì í bá ṣe èmi ni wọ́n ń bi. Ní ilé tiwa, ńṣe la máa ń fi aṣọ wé ìròyìn búburú, tí a ó máa tú u ní díẹ̀díẹ̀. Àwọn yìí fẹ́ kí n tú u kalẹ̀ kí omi tó gbẹ lẹ́nu mi.

"Àlàáfíà ni," mo wí. "Ẹbí fẹ́ ṣèpàdé lórí ilé bàbá ní Sátidé. Wọ́n ní kí n wá mú yín." Mo rò pé ó tó. Wọ́n ṣì ń wò mí. Dídákẹ́ yẹn dẹ́rù bà mí, ẹ sì mọ̀ mí, mi ò lè fara da kí ibì kan dákẹ́. Mo bá tẹ̀ síwájú. "Màmá ń kí yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé inú àwọn dùn sí yín gan-an. Wọ́n ní ọmọ rere ni yín. Wọ́n ṣàdúrà fún yín títí."

Àǹtí mi wò mí pẹ́.

"Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ."

"Inú wọn dùn sí mi?"

"Gidi gan-an ni!"

Wọ́n gba ìdì irú náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé gèlè náà sí imú, wọ́n ní, "Alhamdulillah." Lẹ́yìn náà wọ́n dìde lọ se ọbẹ̀.

Atíẹ́kẹ́ la jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gẹ́ ni, ó dà bíi gàrí tí wọ́n sè lórí ooru, ó rí wóró-wóró, ó kan díẹ̀ lẹ́nu. Ẹja yíyan ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tòmátì tútù. Ó dùn. Ṣùgbọ́n Àǹtí mi se ọbẹ̀ irú tiwọn sọ́tọ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń rún un bíi ẹni tó ń wá nǹkan. "Irú yìí mọ́ o," ni wọ́n wí. Mo ní Màmá ti ń fara balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo tún ti di irọ́ kan sílẹ̀, pé fóònù Màmá bọ́ sínú omi, torí Àǹtí mi máa fẹ́ pè wọ́n kí wọ́n sọ pé mo ti dé. Wọn ò bi mí. Mo ní Ọlọ́run ló gbà mí.

Ọgbà etí ọ̀sà

Mọ́tò tó máa gbé wa padà, àárọ̀ Àlàmísì ni. Ó túmọ̀ sí pé mo ní ọjọ́ méjì gbáko láti fi ṣọ́ ẹnu mi, àti ẹnu àwọn ẹlòmíì tó burú ju tèmi lọ. Ọjà tí Àǹtí mi ń ná, ọmọ Ìwó àti ọmọ Èjìgbò ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mọ́sálásí tí wọ́n ń kírun, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó bá ti gba fóònù láti ilé, á kàn sáré wá dì mọ́ wọn: "Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù!" Wọ́n á tún ṣubú lulẹ̀, níwájú mi.

Ní òru Mọ́ńdè mi ò sùn. Mo ń ronú ibi tí ọmọ Ìwó kì í dé. Ìgbà tó di àárọ̀ mo ti rí i: ọmọ Ìwó wo ló máa sanwó wo ẹran tí kò sí nínú ọbẹ̀?

"Àǹtí," mo wí, "ẹ mú mi lọ wo ìlú. Mo gbọ́ pé wọ́n ní ọgbà tó dára, wọ́n ní ọgbà ẹranko."

"Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé tí a bá ní ká rìn dé oko Kúta, ẹsẹ̀ á ti máa dùn ọ́ láti ilé?"

"Ọjọ́ ogbó ti dé, Àǹtí, mo fẹ́ mọ ayé."

Mo rò pé wọ́n máa jiyàn, kí wọ́n ní ọjà ń dúró de àwọn. Wọ́n kàn ní, "Kò burú. Jẹ́ ká lọ síbi tí kò sí ariwo." Wọ́n ti ìsọ̀ wọn pa fún ọjọ́ méjì. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọgbà àkọ́kọ́ wà létí ọ̀sà. Koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bí irun orí, òdòdó pupa, bẹ́ńṣì lábẹ́ igi, atẹ́gùn láti orí omi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ènìyàn ń kọjá lára ènìyàn, wọn ò kíra wọn. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí bẹ́ńṣì, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bàbá yìí fò dìde, ó rò pé mo sọ nǹkan nù, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí, ó ń fọwọ́ ra koríko. Àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bá mi wá ohun tí kò sọ nù. Nígbà tí Àǹtí mi ṣàlàyé fún un ní Faransé, ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ fìlà, ó sì tẹrí ba fún mi. Èèyàn dáadáa ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àyà mi máa balẹ̀ láti Sátidé nìyẹn.

Kò pẹ́ lọ títí. A ti ń lọ sẹ́nu géètì nígbà tí mo gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn wa: "Àǹtí Ráfá! Àǹtí Ráfá!" Ọkùnrin kan tó ń ta gíláàsì ojú kiri ló ń sáré bọ̀, ọmọ Èjìgbò, oníbàárà Àǹtí mi. Ó dé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó wò wọ́n lójú, ó ní, "Àǹtí, ẹ kú..."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹ ò tíì gbọ́ irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo wúkọ́ títí omi fi jáde lójú mi, àwọn ará ọgbà ń yíjú wò wá, ẹnì kan sáré bu omi wá. Ọkùnrin náà dúró, ó ń gbá mi lẹ́yìn. Nígbà tí ẹ̀mí mi tán, tí mi ò lè wúkọ́ mọ́, ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò rí yín ní ìsọ̀ lónìí."

Àǹtí mi ti di ọwọ́ mi mú. "A ń kánjú," ni wọ́n sọ fún un, wọ́n sì fà mí jáde ní géètì bíi pé ẹnì kan ń lé wa. Mi ò bi wọ́n pé kí là ń kánjú lọ ṣe. Mo kàn ń dúpẹ́.

Igbó àárín ìgboro

Àárọ̀ Wẹ́sìdeè la wọ igbó náà. Òótọ́ ni, ẹ̀yin ará mi, igbó ni, igbó kìjikìji, ìlú sì yí i ká. O kúrò lójú títì, o rìn díẹ̀, ariwo ọkọ̀ kú tán, òtútù sì bò ọ́. Igi kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn mẹ́fà ò lè gbá mọ́ra. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri fi ìka lé ètè, ó ní ká má pariwo, kí àwọn ẹyẹ má baà fò. Mo ní, ẹni tó tún fẹ́ kí n dákẹ́ nìyí.

Ibi tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dára fún ẹni tó gbé nǹkan pamọ́. Gbogbo ìṣísẹ̀ mi lórí ewé gbígbẹ ń dún bíi ẹni tó ń jẹ́wọ́. Àǹtí mi ń lọ níwájú, apá wọn tó ṣẹ́ wà lórí àyà. Láìwẹ̀yìn, wọ́n ní, "Sàlá, ṣé Màmá ṣì ń bú ẹ láràárọ̀?"

"Wọ́n ń bú... wọ́n máa ń... wọ́n ti dín in kù."

"Wọ́n ti dín in kù."

"Àgbà ti dé, Àǹtí. Wọ́n ti rọ̀."

Wọ́n dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ lé igi ńlá yẹn, wọ́n tẹ orí tì í, mo sì rí i tí èjìká wọn ń lọ sókè sódò. Ẹ̀jẹ̀ ríru! Mo sáré dì wọ́n mú, mo kígbe, "Ẹ jókòó! Ẹ mí! Ẹ mí, Àǹtí!" Ọ̀wọ́ ẹyẹ fò dìde lórí wa pìì. Ọkùnrin wa bojú jẹ́, ó tún fi ìka lé ètè.

"Ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni," ni Àǹtí mi wí. Ojú wọn gbẹ. "Jẹ́ ká lọ rí erin tí o ní o fẹ́ rí."

Mo ní ká kúkú padà sílé. Wọ́n ní rárá.

Bí a bá rí erin

Ọgbà ẹranko wọn gbòòrò, igi wà káàkiri, àwọn ọmọléèwé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tẹ̀lé olùkọ́ wọn. Mo rí kìnnìún tó ń sùn bíi bàálé ilé lọ́sàn-án gangan. Mo rí ọ̀nì tí mo rò pé igi ni títí tó fi ṣẹ́jú. Ìnàkí kan na ọwọ́ sí mi gbọọrọ, bíi ẹni tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, mo sì rí i pé mo ti ń bẹ̀ ẹ́: "Ẹ máà bínú, mi ò mú nǹkan kan wá."

Ibi àwọn ẹyẹ ló fẹ́ tú mi fó. Odídẹrẹ́ kan wà níbẹ̀, ara eérú, ìrù pupa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí odídẹrẹ́ jẹ́ fún ọmọ Ìwó, àwa tí wọ́n ń fi odídẹrẹ́ kì. Mo dúró, mo ní, "Ìwọ náà ti jìn sílé." Ó yí orí, ó fi ojú kan wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo ní nínú ọkàn mi, ẹyẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ ló lè panu mọ́ tó báyìí, kí ló wá dé tí ti èmi ń dùn mí tó bẹ́ẹ̀? Omi ti ń yọ lójú mi. Mo ní eruku ni.

Lẹ́yìn náà la dé ọ̀dọ̀ erin. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo gbàgbé ohun gbogbo fún ìṣẹ́jú kan. Ẹsẹ̀ bí òpó ilé. Etí tó ń fẹ́ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó na ọwọ́jà rẹ̀, imú gígùn yẹn, mọ́lẹ̀, ó ṣa koríko díẹ̀, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù kó tó fi sẹ́nu, bí obìnrin tó ń fẹ́ ẹ̀wà.

"Màmá ò rí erin rí," ni Àǹtí mi wí. "Mo ti ṣèlérí fún wọn pé tí wọ́n bá wá kí mi, ibí ni mo máa kọ́kọ́ mú wọn wá. Wọ́n ní kí n fi erin sílẹ̀, kí n wá mú ara mi wálé ná."

Wọ́n fà mí jókòó sórí bẹ́ńṣì. Wọ́n ra omi inú ọ̀rá kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, wọ́n fi eyín já a, wọ́n gbé e fún mi. Mo mu ún. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún jókòó dáadáa, wọ́n kó ọwọ́ lé itan, wọ́n kọjú sí mi.

"Ó yá, Sàlá. Ìròyìn ńkọ́?"

"Àǹtí, mo ti..."

"Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ èyí tó kù. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Erin sì dúró níwájú wa. Mo la ẹnu. Ní ọjọ́ ayé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ máa kọ̀ tí kò jáde. Èmi, Rédíò.

Àǹtí mi ló bá mi sọ ọ́. "Ṣé ilẹ̀ ò tíì ṣú kí wọ́n tó sin wọ́n?"

Mo gbá wọn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ń wò yíká, mo ń wá ẹni tó máa bá mi gbé wọn. Wọn ò ṣubú. Èmi ni mò ń gbọ̀n. "Oòrùn ò tíì wọ̀," mo wí. "Ẹ̀gbẹ́ bàbá ni wọ́n sin wọ́n sí. Kò dùn wọ́n, Àǹtí, mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n kàn bú mi nítorí omi, wọ́n sì lọ." Mo sunkún bí ọmọdé, àwọn ni wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

"Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi ń fi èébú ránṣẹ́ sí mi. Ẹnì kan wá, ó ní Màmá ní orí mi le bí orí àgbò. Ẹnì kan wá, ó ní Màmá ní tí mo bá gbàgbé ọ̀nà ilé kí n bi ewúrẹ́. Ìwọ wá dé, o ní inú wọn dùn sí mi. O ò tíì parí rẹ̀ tí mo ti mọ̀ pé ìyá mi ò sí láyé. Mo se irú yẹn, mo ní bóyá màá fi eyín kan òkúta kan ṣoṣo. Irú Màmá tí ò ní òkúta? Mo wá a títí mo fi jẹun tán."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ìwọ ń sáré gbé mi lọ síbi tí ọmọ Ìwó ò sí. Èmi náà ń wá ibẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún túfọ̀ fún mi láàárín ọjà. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín." Wọ́n nu ojú mi pẹ̀lú etí ìbòrí wọn. "Ó ku ohun kan. Màmá ò lè lọ láìrán níṣẹ́. Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Má fi ṣúgà sí i."

Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n sọ ọ́. Mo bá dìde dúró, mo gbé ọwọ́ lé ìbàdí bí Màmá ṣe máa ń ṣe, mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà:

"Sọ fún Ráfátù alágídí pé mo gbọ́ pé ó ń ráhùn òkúta nínú irú mi. Òkúta ilé ni, kó máa jẹ ẹ́ lọ! Ojú mi ò ríran mọ́, ta ló fẹ́ kó bá mi ṣà á? Tí kò bá fẹ́ jẹ òkúta mọ́, kó wálé wá bá mi ṣà á. Tí kò bá sì ní wá, kó má wá sunkún lé mi lórí lọ́jọ́ tí mo bá kú."

Àǹtí mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọléèwé kúrò lọ́dọ̀ erin wá ń wò wá. "Ìyá mi nìyẹn!" ni wọ́n ń wí. "Ìyá mi nìyẹn o!" Inú ẹ̀rín yẹn náà ni ẹkún ti já lu wọ́n, a sì jókòó síbẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà fi lé wa jáde pé àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Ilé

Alẹ́ Jímọ̀ la wọ Ìwó. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rí i: Bàbá Ládàní dúró lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin mẹ́rin tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ti ká ọwọ́ aṣọ sókè láti gbé ẹni tó bá fẹ́ ṣubú. Àǹtí mi kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ìyá mi." Bàbá Ládàní yíjú sí mi, ojú wọn le. Mo fi ìbòrí bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Sátidé, mo bá Àǹtí mi lẹ́yìnkùlé. Wọ́n jókòó sórí àpótí Màmá, àtẹ irú yẹn lórí itan wọn, wọ́n ń ṣà á. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sáré ra èyí tó mọ́ lọ́jà, àlejò á pọ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni wọ́n ní kí n wá ṣà á." Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò sọ̀rọ̀ rárá, ẹ lè bi wọ́n. Wóró kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, tí wọ́n ń ju òkúta sínú àwo, kó, kó, kó, títí oòrùn fi yọ.

Lẹ́yìn tí àwọn aláfáà parí àdúrà, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bàbá Ládàní bu òkèlè àkọ́kọ́, wọ́n rún un, ẹnu wọn sì dún kàù. Wọ́n fi ìka méjì yọ òkúta kékeré kan lẹ́nu, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí ojú wọn fi rọ̀.

"Ráfátù," ni wọ́n wí, "o ò ṣà á tán."

"Mo ṣà á tán, Bàbá," ni Àǹtí mi wí. "Ọ̀kan yẹn, mo fi í sílẹ̀ ni."